Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ fún Wáyà Iná àti Fáíbà: Ẹnu Oníṣẹ́ Ló Yẹ Kó Ti Bẹ̀rẹ̀

Ní Mowe, Ibafo àti Ifo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ilé tuntun kò yéé yọ lórí ilẹ̀ tó jẹ́ oko tẹ́lẹ̀, èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ iná fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, òun náà ni wọ́n sì fi ń bá onílé dúnàádúrà. Síbẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ohun tó wà lára wáyà, lára mítà àti nínú ìwé ìdánwò. Àlàfo yìí ni láìfù, nútírà, ẹ́ẹ̀tì, kọ́ọ̀ àti fáíbà gbà wọlé, wọn kò sì ṣàjèjì létí ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tó tọ́ ni kí àwọn onímọ̀ èdè fara balẹ̀ to èyí tó wà lẹ́nu oníṣẹ́, kí wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ Yorùbá sí kìkì ibi tí ọ̀rọ̀ àyálò bá ti ń da ìtumọ̀ rú, nítorí pé ibẹ̀ ni ewu wà.

Ọ̀rọ̀ tó ń da nǹkan rú jù lọ ni kọ́ọ̀. Lẹ́nu oníṣẹ́ iná, kébù oníkọ́ọ̀ mẹ́ta ni èyí tí wáyà mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní èèpo tirẹ̀, jọ wà nínú awọ kan ṣoṣo. Lẹ́nu àwọn tó ń ri fáíbà, ìyẹn okùn dígí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀, mọ́lẹ̀, oníkọ́ọ̀ 24 ni èyí tó ní fọ́nrán dígí 24 nínú. Ṣùgbọ́n nínú ìmọ̀ fáíbà gan-an, kọ́ọ̀ ni àárín gbùngbùn fọ́nrán kan ṣoṣo, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi máíkírómítà 9 nínú fáíbà ọ̀nà jíjìn. Bí wọ́n bá ka dígí kejì tó yí i ká mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ di 125, bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà ni máíkírómítà kan. Dígí ìta yìí ni kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ sá lọ, nítorí pé bí ìmọ́lẹ̀ bá kan ààlà àwọn méjèèjì, ńṣe ló ń ta padà sínú. Ní ọdún 1966 ni Charles Kao fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé dígí tí kò bá lábàwọ́n lè gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́nà jíjìn, iṣẹ́ náà ló sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 2009. Yorùbá ní ohun tó lè fi ya mẹ́ta yìí sọ́tọ̀ láìlàágùn: kí ti iná jẹ́ ọmọ wáyà, kí kébù náà sì jẹ́ ọlọ́mọ mẹ́ta, kí ti fáíbà jẹ́ fọ́nrán, kí àárín fọ́nrán jẹ́ mùdùnmúdùn, bíi ti inú egungun.

Pípe wáyà ní orúkọ àwọ̀ rẹ̀ tún léwu ju èyí lọ. Nínú ìlànà àtijọ́ tí Nàìjíríà bá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pupa ni láìfù, dúdú ni nútírà, àwọ̀ ewé ni ẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ sì ni níbi tí láìfù bá ti jẹ́ mẹ́ta, tí wọ́n ń pè ní fẹ́ẹ̀sì, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ búlúù. Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀ ní ọdún 2004, nígbà tó sì di 2006 ó di dandan kí láìfù jẹ́ búráùn, kí nútírà jẹ́ búlúù, kí dúdú sì wà lára àwọn fẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀rọ tó ń ti òkè òkun wọlé ń gbé àwọ̀ tuntun bọ̀, ògiri ilé ṣì ń lo ti àtijọ́, nítorí náà ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ sọ fún pé dúdú kì í gbé iná lè fọwọ́ kan ikú. Iṣẹ́ tí wáyà ń ṣe ló yẹ kó fún un lórúkọ. Láìfù àti nútírà lè dúró bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n ti fìdí múlẹ̀, bí àlàyé bá ti bá wọn rìn pé láìfù ló ń gbé iná wá, tí nútírà sì ń dá a padà; ṣùgbọ́n wáyà ilẹ̀ ló yẹ kí ẹ́ẹ̀tì máa jẹ́, kí onílé lè gbọ́ ọ ní tààrà pé ilẹ̀ ni iná tó bá ṣìnà yóò gbà lọ dípò ara ènìyàn.

Ìwọ̀n náà ń fẹ́ àlàyé. Nígbà tí oníṣẹ́ bá ní kí wọ́n ra 1.5 fún gílóòbù àti 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, mílímítà níbùú lóròó ló ń sọ, ìyẹn fífẹ̀ ojú bàbà tó máa hàn bí wọ́n bá gé wáyà náà ní ìdábùú, kò sì kan èèpo rárá. Ẹni tó bá rò pé sísanra wáyà lódindi ni yóò sanwó gidi fún èyí tí èèpo rẹ̀ nípọn tí bàbà inú rẹ̀ tín-ín-rín. Àwọn wáyà kan tilẹ̀ wà tí wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo alumíníọ̀mù lára, bẹ́ẹ̀ agbára alumíníọ̀mù láti gbé iná kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ti bàbà, tí irú wáyà bẹ́ẹ̀ fi ń gbóná ju bó ti yẹ lọ nínú ògiri. Bí olùrajà bá mọ̀ ọ́n béèrè pé mélòó ni ojú bàbà rẹ̀, ó ti dáàbò bo ilé rẹ̀ dé ìwọ̀n àyè kan.

Fáíbà ní tirẹ̀ kì í ṣe wáyà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí gbogbo ohun gígùn tó wà nínú ilẹ̀ bá ń jẹ́ wáyà, olè yóò hú u nítorí bàbà tí kò sí níbẹ̀, katakata tó ń tún ọ̀nà ṣe yóò sì já a, lẹ́yìn èyí ni àwọn oníṣẹ́ yóò máa fi ooru jó ojú fọ́nrán kọ̀ọ̀kan pọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Àṣẹ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2024 sọ irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ di ohun tí òfin ń dáàbò bò, ṣùgbọ́n òfin kò lè dé etí ẹni tí kò mọ ohun tí òun ń gbẹ́ kàn.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní ìrírí nínú wíwá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ tuntun. Láti ọdún 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì, ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1984, àmọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ìyẹn dá lé. IEC, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìlànà iná, ti ní ìwé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ láti ọdún 1938. Apá 461 rẹ̀ jẹ́ ti kébù iná, apá 731 jẹ́ ti fáíbà, ọ̀pọ̀ èdè ló sì wà níbẹ̀ tí Yorùbá kò sí láàárín wọn. Apá méjèèjì yìí ni kí àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ jọ jókòó tì. Ilé-iṣẹ́ Coleman ń ṣe wáyà ní Arẹ́pò, tó jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé pẹ̀lú Mowe àti Ibafo, nítorí náà kò ṣòro láti tẹ ọ̀rọ̀ bíi ojú bàbà àti wáyà ilẹ̀ sára páálí tó ń jáde níbẹ̀; kí àwọn tó ń ri fáíbà sẹ́bàá ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn náà sì kọ ọ́ sára òpó àmì wọn, ní Yorùbá, pé fáíbà ló wà nísàlẹ̀ àti pé kò sí bàbà nínú rẹ̀.