Ẹ Yé Fi Nọ́ńbà Káàdì Ṣe Primary Key

Lóṣù tó kọjá, owó ìyá kan pòórá nínú kọ̀ǹpútà mi. Olè kọ́ ló jí i, kóòdù tí mo fọwọ́ ara mi kọ ni.

Pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá mi ni: àkọsílẹ̀ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ara, lẹ́bàá Ẹdẹ níbí. Django ni mo lò. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ti ní nọ́ńbà lórí káàdì, mo bá fi primary_key=True sí nọ́ńbà yẹn. Inú mi dùn pé mo gbọ́n.

N kò mọ̀ pé nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ wọn kún, akọ̀wé ra ìwé tuntun, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti 1. Ènìyàn méjì ló ní 27: ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ àti kápẹ́ńtà kan. Mo kó ìwé àtijọ́ wọlé, ó lọ geere. Mo kó tuntun, òun náà lọ geere. Lọ́jọ́ tí mo lọ fi hàn wọ́n, ìyá ní kí n wá orúkọ àwọn. Kápẹ́ńtà ló jáde. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé mo ti kú ni?"

Django kò ṣìṣe o. Tí a bá pe save() lórí ohun tó ti ní primary key, UPDATE ló kọ́kọ́ ń gbìyànjú. Bí kò bá rí ìlà tó ní nọ́ńbà yẹn ni yóò tó ṣe INSERT. Fún nọ́ńbà tí database fúnra rẹ̀ ń pín, ọgbọ́n yìí dára: ẹni tó bá ti ní nọ́ńbà, ẹni àtijọ́ ni. Èmi ni mo fi nọ́ńbà sọ́wọ́ àlejò, ORM sì fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ bo ti ìyá mọ́lẹ̀. Kí àwọn ará Java má fi mí ṣẹ̀sín: save() ti Spring Data JPA náà, tó bá bá id nílẹ̀ láìsí @Version, merge ló ń ṣe.

Ká ní objects.create() ni mo lò, tàbí save(force_insert=True), IntegrityError ì bá ti pariwo. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ìyẹn tó. Nígbà tí mo fẹ́ dá 27 padà fún ìyá, mo yí ti kápẹ́ńtà sí 227, mo pe save(). Kápẹ́ńtà bá di méjì! Ìlà 27 ṣì wà níbẹ̀, gbogbo owó tó ti dá sì so mọ́ ọn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lo NIN. NIN jẹ́ díjíìtì 11. IntegerField lórí PostgreSQL kò kọjá 2,147,483,647. Ká tilẹ̀ fi CharField gbà á, ṣé gbogbo tábìlì tó bá tọ́ka sí ọmọ ẹgbẹ́ ni a ó wá kọ NIN rẹ̀ sí?

Ní tèmi, nọ́ńbà tí ènìyàn fọwọ́ kọ, tí ènìyàn sì lè tún kọ, ẹ jẹ́ kó jókòó sí ààyè tirẹ̀. Mo ti dá id padà fún database. Nọ́ńbà ìwé àti nọ́ńbà káàdì wà nínú UniqueConstraint kan ṣoṣo. Láti orí káàdì oníwèé ni mo ti tún owó ìyá kọ, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn.

Mo ń padà lọ sí Ara ní Sátidé. Ìyá ti ránṣẹ́ pé kí n mú káàdì àwọn dání.