Bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ tó ń mu dísẹ́lì: ṣé ó ti wá mọ́gbọ́n dání?

Ẹni tó bá ní bàíkì dispatch méjì mẹ́ta l'Ékòó lónìí, ìbéèrè kan náà ló ń bi ara rẹ̀: ṣé kí n ra bọ́ọ̀sì? Àwọn oníbàárà ti ń pè fún ẹrù tí bàíkì ò lè gbé: páálí ọṣẹ, fíríìjì kékeré, kéèkì onípele mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi mú yín dé ìdí Transit tàbí Sprinter àtijọ́ kan tó ń mu dísẹ́lì.

Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mi ò bá ní kẹ́ ẹ sá. Kí Ààrẹ Tinubu tó kéde lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀, 29 oṣù Karùn-ún 2023, pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntiróò kan ò tíì tó ₦200 nílé epo NNPC. Dísẹ́lì ti kọjá ₦800 ní tiẹ̀, torí kò sí owó ìrànwọ́ lórí rẹ̀, ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine sì ti gbé e sókè láti 2022. Ta ló fẹ́ ra ọkọ̀ tí epo rẹ̀ wọ́n ní ìlọ́po mẹ́rin?

Nǹkan ti yí padà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá 2024, bẹntiróò ti sún mọ́ ₦1,000 l'Ékòó. Dangote ní tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ dísẹ́lì, ó sì já iye rẹ̀ wálẹ̀ láti ₦1,200 sí ₦1,000 lóṣù Kẹrin ọdún yẹn. Àwọn epo méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹgbẹ́ ara wọn, dísẹ́lì sì máa ń gbé ọkọ̀ jìnnà ju bẹntiróò lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ẹ ń rin 100 kìlómítà lójúmọ́, tí bẹntiróò jẹ́ ₦900, tí dísẹ́lì jẹ́ ₦1,100 (ẹ fi iye tí wọ́n ń tà á ládùúgbò yín rọ́pò tèmi). Bọ́ọ̀sì bẹntiróò tó ń mu lítà 12 máa jẹ ₦10,800. Ti dísẹ́lì tí lítà 9 tó o máa jẹ ₦9,900. Lọ́jọ́ 26 lóṣù, ₦23,400 lẹ máa rí fi pamọ́. Ní iye ti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ká ní ₦190 àti ₦840, dísẹ́lì ì bá máa gba ₦5,280 lé lọ́wọ́ yín lójoojúmọ́.

Àmọ́ ₦23,400 yẹn ò tó nǹkan o. Nọ́súlù kan péré tó bá bàjẹ́ lè gbé e mì, kó tún béèrè sí i. Ẹ́ńjìnnì gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Àwọn ti àtijọ́ ń lo pọ́ǹpù lásán, mẹkáníìkì ẹ̀bá títì mọ̀ ọ́n tún ṣe. Àwọn common rail tó dé lẹ́yìn wọn, kọ̀ǹpútà ló ń darí wọn, omi díẹ̀ nínú dísẹ́lì ti tó láti ba nọ́súlù wọn jẹ́. Àwọn tó tún tuntun ju ìyẹn lọ ní DPF, asẹ́ tó ń mú èéfín dúdú. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ sáré dáadáa lọ́nà jíjìn kí asẹ́ yìí tó lè jó ìdọ̀tí rẹ̀ dànù. Nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ Ọ̀jọ́ta, ṣe ló máa dí. Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa máa ṣe ni kí wọ́n gé e sọnù, ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá títì á wá máa fa èéfín yẹn símú.

Ẹ má sì gbàgbé ìdí tí àwọn òyìnbó fi ń ta ọkọ̀ wọ̀nyí. Láti 29 oṣù Kẹjọ 2023, gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ló ti wà lábẹ́ òfin ULEZ: bọ́ọ̀sì dísẹ́lì tí kò bá tó òṣùwọ̀n Euro 6 ń san £12.50 lójúmọ́ tó bá ti jáde. Àwọn èèyàn wa tó ń fi bọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ ní Peckham mọ̀ bó ṣe ń dunni.

Ìwé ọkọ̀ ńkọ́? Òfin ò gba tòkunbọ̀ tó ti lé lọ́dún 12 wọlé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni láti oṣù Kìíní 2017 kò gba kí ọkọ̀ kankan gba orí ilẹ̀ wọlé. Nítorí náà, bọ́ọ̀sì 2004 tí wọ́n ní ó “ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Kútọnu,” fàyàwọ́ ni. Tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá gbé e lọ́nà, ti ẹrù oníbàárà nínú rẹ̀ ni.

Tó bá jẹ́ èmi ni, tí iṣẹ́ mi ò kọjá Ìkẹjà sí Súrùlérè, bẹntiróò ni màá rà. Ó kéré tán, wọ́n lè fi gáàsì CNG sí i lọ́la láìtú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ti dísẹ́lì ò rọrùn bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ Èkó sí Ìbàdàn lójoojúmọ́, dísẹ́lì onípọ́ǹpù, èyí tí ìwé rẹ̀ pé, ni màá wá.

Ẹ lọ wò ó láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ṣíná. Èéfín dúdú tí kò dáwọ́ dúró lè jẹ́ nọ́súlù, èyí tó bá ṣe búlúù ń jó ọ́ìlì. Kẹ́ ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí nígbà tó ń ṣiṣẹ́: tí èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀ bíi ti ẹnu ààrò, ẹ́ńjìnnì ti rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì débẹ̀ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti gbóná, wọ́n ti ṣíná rẹ̀ dè yín. Ẹ máa lọ sílé.