Kí Ni Ọmọ Yín Ń Rí Kọ́ Nínú Ìjà Rọ́bọ́ọ̀tì?

Ẹ̀yin òbí wa, bí ọmọ yín tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara, ní Malete, bá pè yín lónìí pé òun nílò owó bátìrì àti táyà kékeré, nítorí rọ́bọ́ọ̀tì tí òun fi ọwọ́ ara òun ṣe fẹ́ bá ti ẹlòmíràn jà, kí ni ẹ ó wí? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé: “Ṣé ohun tí mo rán ọ lọ kọ́ nìyẹn?” A kò lè dá wọn lẹ́bi. Owó ilé-ìwé ń wọni lọ́rùn, owó ọkọ̀ láti Ìlọrin sí Malete pàápàá kì í ṣe kékeré mọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó pè é ní ìranù, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ eré náà wò.

Ẹni tó bá mọ ìjàkadì yóò tètè lóye rẹ̀. Rọ́bọ́ọ̀tì méjì yóò wọ agbo, wọn yóò jà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, àwọn tó ṣe wọ́n yóò sì máa fi rìmóòtù darí wọn láti ìta. Èyí tí kò bá lè mira mọ́ títí tí wọ́n fi kà dé ẹẹ́wàá ti fìdí rẹmi. Bí méjèèjì bá ṣì wà lórí ìdúró, àwọn adájọ́ yóò wo èyí tó ba èkejì jẹ́ jù, èyí tó ń lé èkejì, àti èyí tí olùdarí rẹ̀ mọ̀ ọ́n darí jù.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Marc Thorpe, ló sọ ọ́ di ìdíje ńlá ní San Francisco lọ́dún 1994. Ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ tí a lè máa darí láti òkèèrè ló kọ́kọ́ fẹ́ ṣe. Nígbà tí ìyẹn kò bọ́ sí i, ó yí èrò padà. Lọ́dún 1998, BBC bẹ̀rẹ̀ sí fi Robot Wars hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. BattleBots tẹ̀ lé e ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000. Láàárín àwọn tó ń díje, a máa ń rí bàbá tòun tọmọ tí wọ́n jọ ṣe ẹ̀rọ wọn nílé.

Ìwọ̀n ni òfin àkọ́kọ́. Àwọn ńláńlá inú BattleBots lè wọ̀n tó kílò 113, èyí tó ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì lọ. Àwọn tó kéré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 150 lọ, ìyẹn kò tó agolo mílíìkì kan. Níbẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ kí irin ara rọ́bọ́ọ̀tì nípọn, yóò dín ohun ìjà kù. Bí ó bá fẹ́ ohun ìjà tó wúwo, bátìrì yóò kéré, agbára sì lè tán kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé. Gbogbo ẹni tó ti pín owó oṣù sí oúnjẹ, owó ilé àti owó ilé-ìwé mọ irú ìṣirò yìí.

Ẹ̀kọ́ kejì wà lẹ́yìn agbo. Rọ́bọ́ọ̀tì tó borí lè jáde pẹ̀lú táyà tó fà ya àti wáyà tó já, bẹ́ẹ̀ ìjà tó kàn ti dé tán. Ẹni tó ni ín ní láti mọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ tún ṣe, àti ohun tó ṣì lè fara dà á. Kì í ṣe ohun tuntun pé kí ẹni tí wọ́n fẹ́ bá jà gan-an yá wọn ní irinṣẹ́.

Ọmọ wa kan ti gba ọ̀nà tó jọ èyí dé ibi gíga. Èkó ni wọ́n bí Silas Adékúnlé sí kó tó dèrò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kékeré. Lọ́dún 2013, nígbà tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa rọ́bọ́ọ̀tì ní Bristol, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Reach Robotics sílẹ̀. Wọ́n ṣe MekaMon, rọ́bọ́ọ̀tì oníjà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ojú fóònù ni a ti ń rí ọta tó ń yìn, nítorí náà ìjà rẹ̀ kì í fọ́ irin. Ṣọ́ọ̀bù Apple bẹ̀rẹ̀ sí tà á lọ́dún 2017, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé lọ́dún 2019. Adékúnlé kò jókòó tì í. Ó wà lára àwọn tó dá Awarri sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ kéde lọ́dún 2024 pé yóò bá wọn ṣiṣẹ́ lórí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń gbọ́ àwọn èdè Nàìjíríà.

Ní tiwa, yunifásítì ti wà ní Malete láti ọdún 2009. Wẹ́dà, onírewáyà àti àwọn tó ń tún fóònù ṣe kò sì wọ́n ní Ìlọrin. Ọmọ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bọ́ọ̀tì kékeré lè yọ ẹ̀rọ tó ń yí táyà àti rìmóòtù lára ọkọ̀ ìṣeré tó ti bàjẹ́, kó sì fi ike líle ṣe ara rẹ̀.

Ewu kò ṣàì sí níbẹ̀. Bátìrì lithium tó wú tàbí tó gba ọgbẹ́ lè gbiná, nítorí náà kò yẹ kí a fi í sínú iná mọ́jú ní yàrá tí a ń sùn. Rọ́bọ́ọ̀tì tó ní abẹ tó ń yí kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí tábìlì. Inú àpótí tí ike líle yí ká ni a ti ń dán an wò. Bí rìmóòtù bá kú, rọ́bọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ dúró fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ bá pè, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Báwo ló ṣe wúwo tó? Báwo lo ṣe máa dá a dúró bí nǹkan bá yíwọ́? Kí ló bàjẹ́ lára rẹ̀ kẹ́yìn, kí lo sì yí padà? Bí kò bá rí ìdáhùn, ẹ ní kó lọ rò ó dáadáa kó tó padà wá. Bí ó bá dáhùn gbogbo rẹ̀ láìkọsẹ̀, ẹ fún un ní ìwọ̀nba tí agbára yín ká, kí ẹ sì ní kó pè yín lọ́jọ́ ìjà.