Ìpè sí Àpérò Dátábéèsì: Ta Ni Yóò Sọ Ti Orúkọ Yorùbá?

Lọ́dọọdún ni àwọn tí ń ṣètò àpérò lórí PostgreSQL máa ń ké sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìmọ̀ pé kí ó wá dábàá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ níbẹ̀. PostgreSQL jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tọ́jú ìwé orúkọ àti àkọsílẹ̀ owó, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dátábéèsì. Yunifásítì California ní Berkeley ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 1986. Ọ̀fẹ́ sì ni fún gbogbo ayé. Àpérò ti ilẹ̀ Yúróòpù wáyé ní Athens ní ọdún 2024, ó sì wáyé ní Riga ní ọdún 2025.

Ọmọ Yorùbá tí ń tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì lè rò pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni ìpè náà wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àkọlé, àlàyé ṣókí, àti ìlà díẹ̀ nípa ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n fẹ́ mọ ìṣòro tí ó wà nílẹ̀, ohun tí ẹni náà ṣe sí i, àti ibi tí ó já sí. Ẹni tí wọ́n bá yàn kì í san owó ìwọlé. Owó ọkọ̀ òfurufú ni wọn kì í sábà san, àyàfi fún ìwọ̀nba ènìyàn. Wàhálà físà sì tún ń bẹ, èyí tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà.

Kí wá ni ọmọ Yorùbá ní láti sọ? Ẹ wo orúkọ bíi Adébọ́lá. Kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́ pẹ̀lú ọ tí wọ́n fi àmì ohùn lé lórí, ó sì lè kọ ọ́ pẹ̀lú ó tí wọ́n fi àmì sí nísàlẹ̀. Ojú ènìyàn yóò rí orúkọ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n méjì ni ẹ̀rọ yóò kà á sí. Ẹni tí ó bá fi ti àkọ́kọ́ wá ti èkejì, èsì tí yóò gbà ni pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2020 ni ẹ̀dà kẹtàlá PostgreSQL ti ní ọgbọ́n tí ó ń sọ méjèèjì di ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ̀bi kì í ṣe ti ẹ̀rọ mọ́, bí kò ṣe ti ẹni tí ó ṣètò ìwé orúkọ láìlo ọgbọ́n náà.

Èyí tí ó tún le jù ni ti ẹni tí ó jókòó síwájú akọ̀wé tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ṣọlá yóò di Sola lórí NIN, yóò di Shola lórí BVN, ọjọ́ tí ó bá sì fẹ́ gba owó rẹ̀ ní báǹkì ni yóò mọ̀ pé ènìyàn méjì ni òun lójú kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè tún èyí ṣe fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ èdè, tí ó sì mọ iṣẹ́, ni yóò kọ́ ọ.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ yìí kéré fún àpérò àgbáyé. Ṣùgbọ́n i elámì àti i aláìlámì inú èdè Tọ́kì kò ju lẹ́tà méjì lọ, síbẹ̀ ó ti di ìṣòro tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà mọ̀ káàkiri ayé.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá fẹ́ dábàá irú ọ̀rọ̀ yìí ní láti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Orúkọ àtọwọ́dá ni kí ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òfin ọdún 2023 tí ó dáàbò bo ìsọfúnni àwọn ènìyàn. Lẹ́tà ìyọ̀ǹda a sì máa pẹ́ lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n dá fún àbá kì í yẹ̀. Kí ó tètè kọ ọ́ kí ìpè tó jáde.