Ta Ni Ń Jẹ́ Admin?

Ẹ̀yin ará Akútè, àti ẹ̀yin aládùúgbò wa ní Ajùwọ̀n àti Alágbọ̀lẹ̀, ta ló sọ fún wa pé kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ dà bí ìkòkò omi ẹnu ọ̀nà, tí ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ kàn lè fi ife bù mu? Ẹ yà sí ilé ìwé aládàáni, ẹ yà sí ọ́fíìsì alájẹṣẹ́kù, ẹ yà sí ibùdó tí wọ́n ti ń bá àwọn ọmọ wa forúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Orúkọ kan ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń wọlé: "admin". Páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà lára ògiri, wọ́n fi bírò kọ ọ́ sórí páálí.

Bí ẹ bá bi ọ̀gá wọn, á rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ìyá ni gbogbo wa níbí, a kì í fura síra wa." Ọ̀rọ̀ dídùn! Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí máàkì ọmọ kan bá kúrò ní 38 tí ó di 83, tàbí tí owó tí òbí kan ti san bá pòórá nínú àkọsílẹ̀, ìfura á dé wẹ́rẹ́. Ta ló ṣe é? Kọ̀ǹpútà á ní admin ni. Ta wá ni admin? Gbogbo yín. Ọmọ mẹ́kúnnù tí kò ní ẹ̀gbọ́n nínú ilé iṣẹ́ ni wọ́n máa lé lọ, olè á sì jókòó ti ẹ̀rọ. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Ṣebí alájọ kì í kọ owó ìyá alátá àti ti ìyá elépo sórí káàdì kan náà? Àwọn Ken Thompson àti Dennis Ritchie tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs, Amẹ́ríkà, ní 1969, mọ̀ pé ènìyàn púpọ̀ lè jọ máa lo ẹ̀rọ kan, kí oníkálukú sì ní yàrá tirẹ̀. Linux tó jọ Unix, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀gá á tẹ "useradd -m bisi", Bísí ti ní yàrá. Á tẹ "passwd bisi", ó ti ní kọ́kọ́rọ́. "groupadd akanti" á dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, bí aṣọ ẹbí: ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ fún. "usermod -aG akanti bisi" ló ń wọ̀ ọ́ fún un. Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà "a" kékeré yẹn o! Bí ẹ bá fò ó, ẹ̀rọ á bọ́ gbogbo aṣọ ẹgbẹ́ tí ẹ ti fi kún ti Bísí tẹ́lẹ̀, kò ní bi yín léèrè. Ẹni tó ní Windows lòun ń lò, "net user" àti "net localgroup" wà níbẹ̀.

Ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù kejì ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ kéde pé wọ́n ti yọ òṣìṣẹ́ iwin 23,846 kúrò nínú ìwé owó oṣù, lẹ́yìn tí wọ́n fi BVN yẹ̀ ẹ́ wò. A pariwo, a bú ìjọba. Iwin tiwa dà? Ọmọkùnrin tó ti lọ sí Kánádà láti ọdún méjì, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu nínú ẹ̀rọ wa. "usermod -L" ló ń ti páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀ pa. Ẹ má sì kàn sáré tẹ "userdel" kí ẹ máa lọ. Nọ́ńbà ni ènìyàn ń jẹ́ nínú Linux: root, ọ̀gá pátápátá, ni 0; àwa yòókù sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 1000. Bí fáìlì ẹni tó lọ bá kù nílẹ̀, ẹni tuntun tí nọ́ńbà rẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́ ló máa jogún rẹ̀.

Wọ́n á ní kò sáyè, iná ò sí. Àwọn ìlà yìí ò tó àkókò tá a fi ń fa okùn jẹnẹrétọ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 sì ni òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ènìyàn ti wà ní Nàìjíríà. Bí wọ́n bá bi ilé ìwé yín pé ta ló ṣí àkọsílẹ̀ ọmọ olọ́mọ, ṣé admin lẹ máa mú lọ sí kọ́ọ̀tù?