Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ààrẹ: Ojú Páréèdì àti Ojú Ogun

A mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa kò tí ì fi ojú kan Àbújá rí. Ṣùgbọ́n ta ni kò tí ì rí àwòrán àwọn ọmọ ogun tí wọ́n wọ aṣọ ẹ̀yẹ, tí bàtà wọn ń dán bí dígí, tí ẹsẹ̀ wọn sì ń dún lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń rìn? Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ààrẹ ni à ń wí. Àwọn ni wọ́n ń tò láti kí olórí ilẹ̀ òkèèrè káàbọ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí a fi ń rántí àwọn akọni tí wọ́n kú sí ojú ogun, wọ́n a máa wà ní ìdúró bí a ti ń yin ìbọn ẹ̀yẹ tí Ààrẹ sì ń tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé wa parí ní 1970. Kí ó tó di ìgbà náà, ọjọ́ 11 oṣù Bélú ni à ń lò.

Àwọn kan ń bínú pé kí ni ìlú ń jẹ nínú bàtà dídán. A kò bá wọn wí, nítorí ẹni tí kò lè dé oko rẹ̀ nítorí agbébọn kò ní etí fún fèrè àti ìlù. Ṣùgbọ́n páréèdì kì í ṣe ijó. Láyé àtijọ́, bí ọmọ ogun ti ń tò ní páréèdì ni ó ń tò ní ojú ìjà, kí ìbọn wọn lè dún pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì sá. Ẹni tí ó ti kọ́ láti dúró láìmira nínú oòrùn ti kọ́ ohun kan nípa ẹ̀rù.

Àwọn baba wa pàápàá mọ èyí. Àádọ́rin ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́, mẹ́wàá mẹ́wàá lábẹ́ olúkúlùkù Ọ̀yọ́ Mèsì. Wọ́n ń dé akoro gẹ́gẹ́ bí àmì oyè wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jẹ́ ronú pé nítorí akoro ni a ṣe ní Ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn.

Iṣẹ́ kejì àwọn ti Àbújá ni láti ṣọ́ Ààrẹ àti gbogbo agbègbè olú-ìlú. Ní ọjọ́ 24 oṣù Agẹmọ, 2022, àwọn agbébọn lúgọ de àwọn kan nínú wọn ní agbègbè Bwari, wọ́n sì yìnbọn pa nínú wọn, ọ̀gá ọmọ ogun méjì pẹ̀lú. Àwọn tí a ń rí lójú páréèdì ni wọ́n kú sínú igbó yẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1982, a kó àwọn Scots Guards, tí ṣíṣọ́ ààfin ní London jẹ́ ara iṣẹ́ wọn, lọ sí erékùṣù Falkland. Kí ọkọ̀ tó gbé wọn, a kọ́kọ́ mú wọn lọ sí òkè Wales fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti tún ìjà kọ́. Ní òru ọjọ́ 13 mọ́ 14 oṣù Òkúdu, wọ́n fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn gba òkè Tumbledown. Wọ́n borí, lóòótọ́. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kéré jù, ọ̀tá tiwa kò sì ní fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan.

Nítorí náà ni a fi ń sọ fún ìjọba: ẹ má ṣe pa páréèdì rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ tí Ẹ̀ṣọ́ ń lò lórí pápá ayẹyẹ bá pọ̀ ju ọjọ́ tí ó ń lò nínú igbó àti ní ibi ìbọn yíyìn lọ, ẹ yí i padà. Ẹ fún wọn ní ọkọ̀ tí ọta kò lè wọ̀, àti ẹ̀rọ tí wọn yóò fi ké sí ara wọn nígbà tí ọ̀nà bá dí. Àwọn ará abúlé tí ó yí Bwari ká mọ ipa ọ̀nà igbó wọn ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ bi wọ́n, ẹ sì dáàbò bo ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ tí ń bọ̀, nígbà tí a bá gbé òdòdó ẹ̀yẹ kalẹ̀, a kò fẹ́ gbọ́ pé opó ọmọ ogun kan ṣì jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, tí ó ń dúró de owó ọkọ rẹ̀.