Táyà Eré Sísá Lórí Ọ̀nà Ìkòyí

Ọkọ̀ tó bá jáde láti Ìkòyí lówùúrọ̀ kì í pẹ́ kó tó bá ọ̀nà oríṣi méjì pàdé. Èkíní ni títì inú ìlú, tó kún fún yẹ̀pẹ̀ pupa, òkúta wẹ́wẹ́ àti kòtò tí àgbàrá gbẹ́. Èkejì ni òpópónà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn awakọ̀ ti máa ń tẹná mọ́ ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Táyà mẹ́rin kan náà ni yóò gbé ọkọ̀ gba ọ̀nà méjèèjì. Ìdí nìyí tí ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ olólùfẹ́ ọkọ̀ ń béèrè kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà: ṣé ó yẹ kí ènìyàn ra táyà eré sísá, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń lò lórí pápá, sí ọkọ̀ tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè yìí ní ìdí tirẹ̀. Pápá eré ọkọ̀ kan wà ní Brands Hatch ní agbègbè Kent, kò sì jìnnà púpọ̀ sí Peckham ní London, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Silverstone náà wà ní Northamptonshire. Àwọn ọjọ́ kan wà tí wọ́n máa ń ṣí irú pápá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní ìwé ìwakọ̀, tó sanwó, tó sì dé akoto. Kò sí ìdíje níbẹ̀, kò sí ife ẹ̀yẹ. Ènìyàn kàn fẹ́ mọ ibi tí agbára ọkọ̀ òun mọ ni. Kò sí ọlọ́kadà tí yóò já lu ọ̀nà lójijì, kò sí ewúrẹ́, kò sí ọmọ ilé ìwé. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi àsíá ṣèkìlọ̀ dúró káàkiri, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn sì wà nítòsí. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹni náà yóò wa ọkọ̀ kan náà padà sílé. Irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa ronú nípa táyà tó lè sin ọ̀gá méjì.

Ohun tí wọ́n ṣe sínú táyà pápá kò ṣòro láti yé ènìyàn. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀, ìlà tó wà lára rẹ̀ kò pọ̀, kí ara rọ́bà tó pọ̀ lè máa kan ilẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa kó tó di ilẹ̀ mú. Bí ó bá sì ti gbóná, ó lè gba kọ́nà bí ẹni pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ títì. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá tutù, tàbí tí òjò bá rọ̀, agbára yẹn kò sí mọ́. Ìlà díẹ̀ tó wà lára rẹ̀ kò lè lé omi kúrò lábẹ́ táyà, ọkọ̀ yóò sì máa léfòó. Nọ́ńbà kan tún wà tí òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà ọkọ̀ kékeré, treadwear ni wọ́n ń pè é. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni táyà náà ṣe máa ń tètè jẹ tó. 180 ni ti Pilot Sport Cup 2 tí Michelin ṣe fún àwọn tó ń lọ sí pápá. 300 ni ti Pilot Sport 4 S, táyà títì tó lágbára. Táyà ìrìnàjò ojoojúmọ́ sì máa ń kọjá 400 dáadáa. (Ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà ló ń fún ọjà ara rẹ̀ ní nọ́ńbà yìí, nítorí náà kò bọ́gbọ́n mu láti fi nọ́ńbà ilé iṣẹ́ kan díwọ̀n ti òmíràn bí ẹni ń fi kóńgò kan náà wọn gàrí.)

Fún ẹni tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń lọ sí pápá ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, irú táyà títì tó wà láàárín yẹn ló yẹ ẹ́ jù. Bí ó bá ń lọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó ní ríìmù ọ̀tọ̀ tí táyà pápá wà lára rẹ̀. Ẹni bá lé eku méjì á pòfo.

Ní Ìkòyí ńkọ́? Kò sí pápá eré ọkọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní Ìkirè tàbí Àpòmù. Ohun tí àwọn kan sọ di pápá ni òpópónà márosẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà kan náà tí àwọn obìnrin ti ń ta dòdò Ìkirè fún èrò ọkọ̀, tí àgbẹ̀ ń gbà kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí, tí ọkọ̀ akẹ́rù sì ń gùn ní ìrọ̀rùn. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ táyà eré sísá ti yí padà pátápátá. Lórí pápá, bí táyà bá bẹ́, ẹni tó ń wakọ̀ ló fi ara rẹ̀ wewu. Lọ́nà Ifẹ̀, àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló ń dúró sẹ́bàá títì.

Lẹ́tà kan wà lẹ́yìn ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo táyà. Bí ènìyàn bá rí 205/55R16 91V, 205 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, 55 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, 16 ni ìwọ̀n ríìmù ní íǹṣì. 91 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kìlógíráàmù 615. V sì túmọ̀ sí pé ó lè fara da eré kìlómítà 240 ní wákàtí kan. T jẹ́ 190, H jẹ́ 210. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, kò gbà kí ọkọ̀ kékeré tí kì í kó èrò sá ju 100 lọ lórí òpópónà márosẹ̀. 90 ni ti ọkọ̀ èrò. Táyà T lásánlàsàn, tí ẹnikẹ́ni kì í fi yangàn, fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sá ìlọ́po méjì eré tí òfin fọwọ́ sí. Kí wá ni awakọ̀ Ìkòyí fẹ́ fi táyà tó lè sá 300 ṣe?

Òótọ́ kan wà tí kò yẹ kí a fi pamọ́: táyà tó di ilẹ̀ mú dáadáa kì í ṣe fún eré nìkan, ó tún ń mú kí ọkọ̀ tètè dúró. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò parọ́. Ṣùgbọ́n táyà tuntun ló ń sọ nípa rẹ̀, táyà eré sísá tuntun sì wọ́n púpọ̀. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń rà ni tòkunbọ̀.

Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ bi ara rẹ̀ ìdí tí ẹni tó kọ́kọ́ ni táyà náà fi bọ́ ọ sílẹ̀. Ní Britain, jíjìn ìlà ara táyà kò gbọdọ̀ dín sí mìlímítà 1.6, tuntun máa ń ní bíi 8. Ẹni tó bọ́ tirẹ̀ nígbà tó ku 3 ti jẹ adùn rẹ̀ tán. Egungun rẹ̀ ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó, tí ẹnìkan tún wá fọ̀, tó fi nǹkan dúdú kùn ún kó lè máa dán. Bí rọ́bà rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tó rọ̀, ìyókù yẹn kò ní pẹ́ tán. Bí òjò oṣù kẹsàn-án bá sì dé, nígbà tí omi bá dúró sójú títì ní ẹ̀yìn Aṣéjìrè, táyà tí ìlà rẹ̀ ti pa kò ní rí ibi lé omi gbà.

Òmíràn tún burú ju ìyẹn lọ. Bí àwòrán òkè onísóńsó mẹ́ta tí yìnyín wà nínú rẹ̀ bá wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà, yìnyín ni wọ́n ṣe é fún. Ìgbà òtútù ni àwọn òyìnbó ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú irú rẹ̀, rọ́bà rẹ̀ sì rọ̀ kó má baà le gbagidi nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù nini. Ẹni tó bá gbé e sá eré lórí ọ̀dà tó ti gba oòrùn oṣù kejì láti àárọ̀ ń fi àdán dípò ẹyẹ.

Ọjọ́ orí táyà ńkọ́? Lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níparí: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018. Rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ rìn. Afẹ́fẹ́ àti oòrùn ń sọ ọ́ di líle, ó ń sán lára, okùn inú rẹ̀ sì ń tú kúrò lára rọ́bà. Àwọn tó fẹ́ràn fíìmù Fast & Furious kò ní gbàgbé ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2013, nígbà tí òṣèré Paul Walker kú nínú Porsche Carrera GT ní ìpínlẹ̀ California. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Roger Rodas, tó mọ eré ọkọ̀ sá, ló ń wà á. Òun náà kú. Àwọn olùṣèwádìí sọ pé eré máìlì 80 sí 93 ni ọkọ̀ náà ń sá níbi tí òfin ti ní kó má ju 45 lọ, wọ́n sì rí i pé táyà rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ olówó iyebíye ni, ọwọ́ tó wà lórí ìdarí rẹ̀ sì já fáfá. Nílé níbí, ní oṣù kẹta ọdún 2016, James Ocholi tó jẹ́ mínísítà kékeré fún ètò iṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kú lọ́nà Kàdúná sí Àbújá lẹ́yìn tí táyà ọkọ̀ wọn bẹ́. Ipò kì í bá táyà sọ̀rọ̀.

Òfin kò fọwọ́ sí ọjà yìí. Táyà àlòkù wà lára ohun tí àjọ aṣọ́bodè Nàìjíríà kà léèwọ̀, àyàfi ti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá oníwọ̀n 11.00 x 20 sókè tí wọ́n fẹ́ tún rọ́bà rẹ̀ ṣe. Síbẹ̀ ìta gbangba ni wọ́n ń tà á. Àwọn kan á ní kí ìjọba máa mú àwọn fọkanáísà. Ìyẹn kò tọ́. Fọkanáísà tó ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan àti àga kan lábẹ́ igi kò ní ọkọ̀ ojú omi. Ẹnubodè ni táyà ti wọlé, ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti dá a dúró.

Ìjọba sì ní ẹjọ́ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ láti rò. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt ní ọdún 2007. Dunlop dá táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní ọdún 2008. Títí di àkókò yẹn, ọmọ Nàìjíríà lè ra táyà tuntun tí wọ́n ṣe nílé, tí wọ́n mọ ooru àti kòtò tó máa bá pàdé. Owó iná mànàmáná àti ẹ̀rọ amúnáwá wọn wọ́n, táyà ilẹ̀ òkèèrè sì ń wọlé ní ẹ̀dínwó. Igi rọ́bà ṣì ń bẹ ní Èdó àti Dẹ́lítà títí dòní, ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí nípa rọ́bà sì wà ní Ìyánọ̀mọ̀ nítòsí Benin. Rọ́bà ń jáde lọ sókè òkun, ó sì ń padà wálé gẹ́gẹ́ bí àlòkù. Àpòmù tó múlé gbe Ìkòyí mọ bí aáwọ̀ ọjà ṣe lè di ohun ńlá, nítorí ìjà tó bẹ́ ní ọjà ibẹ̀ wà lára ohun tó bí ogun Òwu ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ti táyà yìí, ó jọ pé kò tíì dun àwọn aláṣẹ tó.

Àwọn ọ̀dọ́ tún fẹ́ràn táyà pẹlẹbẹ, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ju 35 tàbí 40 lọ, nítorí ẹwà. Kòtò kan ṣoṣo ní inú ìlú tó láti tẹ ríìmù, kó sì gé okùn ẹ̀gbẹ́ táyà lábẹ́nú, tí yóò wú bí eéwo lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. 60 tàbí 65 ló bá Ìkòyí mu, bí ìwé ọkọ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ti afẹ́fẹ́ ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Àwọn tó ń lọ sí pápá máa ń dín afẹ́fẹ́ táyà kù nígbà tó bá gbóná, wọ́n ń fi géèjì wò ó lẹ́yìn ìyípo mélòó kan, wọ́n sì ń fẹ́ ẹ padà kí wọ́n tó lọ sílé. Awakọ̀ tó rí èyí lórí fóònù, tó wá ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì kó ènìyàn márùn-ún sínú ọkọ̀, ń pe ìjàǹbá. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré ń tẹ̀, ó ń nà, ìtẹ̀-nà yẹn ló ń bí ooru tó ń mú kó bẹ́. Ìwọ̀n tó tọ́ wà lára ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn ni wọ́n sì ń wò ó.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó mẹ́rin lè ra táyà ìrìnàjò tuntun méjì tó ní T tàbí H, kó fi wọ́n sẹ́yìn, kó sì kó méjì tó dára nínú ti àtijọ́ síwájú. Ẹ̀yìn ni, kì í ṣe iwájú bí ọ̀pọ̀ ṣe ń rò, nítorí ẹ̀yìn tó bá yọ̀ nínú òjò ṣòro láti dá padà. Tí ó bá wá dórí ọ̀rọ̀ owó, kí wọ́n yí táyà náà sókè lójú oòrùn kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ sí ríìmù, torí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń tẹ ọjọ́ rẹ̀ sí, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni àwọn kan sì máa ń kọ sínú. Bí ọlọ́jà bá kọ̀ láti yí i, ṣọ́ọ̀bù táyà mìíràn ń bẹ ní Ìkirè.